Kẹ̀kẹ́ Tí Ó Bá Mi Tọrọ Àforíjì

Inú ṣì ń bí mi tí mo bá rántí ìkórè ṣọ́ọ̀ṣì kan ní ìlú Ara. Kẹ̀kẹ́ ológeere tí mo fi ń pa èèyàn lẹ́rìn-ín ni mo gbé lọ láti Ẹ̀jìgbò. Èmi fúnra mi ni mo gé irin rẹ̀, tí mo tún un tò. Bí mo bá yí ọwọ́ rẹ̀ sí ọ̀tún, òsì ló ń lọ. Bí mo bá fa bíréèkì, á là sí méjì, màá sì dọ̀bálẹ̀ gbalaja níwájú àgbàlagbà tí mo bá dojú kọ. Ibẹ̀ lẹ̀rín ti máa ń pọ̀ jù.

Àṣé ẹ̀gbọ́n mi ni wọ́n fi ṣe alága. Nígbà tó ti Àbíjàn wálé wá sin bàbá wa, ó ní aláwàdà ò gbọdọ̀ tẹ̀lé pósí pẹ̀lú àwọn ọmọ olóògbé, ó bá lé mi sáàárín àlejò. Látìgbà náà ló ti ń sọ fún ẹbí pé bí mo bá dọ̀bálẹ̀ bẹ òun ní gbangba, òun á dárí jì mí. Kí ló fẹ́ dárí rẹ̀ jì mí? Mo búra pé àyà mi ò ní kan ilẹ̀ níwájú rẹ̀ láéláé.

Apá òsì ló jókòó sí, ó fẹsẹ̀ lé ẹsẹ̀, ìyá wa wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Mo pinnu pé bàbá ìjọ tó wà lápá ọ̀tún ni màá ṣubú fún. Ṣùgbọ́n ìbínú mú mi gbàgbé irú kẹ̀kẹ́ tí mo gùn. Mo yí ọwọ́ rẹ̀ sí ọ̀tún, ó bá gbé mi lọ sí òsì tààrà. Mo fa bíréèkì kí n má baà gbá a. Ká ní mo mọ̀ ni, ǹ bá kúkú gbá a.

Kẹ̀kẹ́ là. Àyà mi lu ilẹ̀ gbì, nídìí bàtà rẹ̀.

Ó fọwọ́ kàn mí lẹ́yìn, ó gba máíkì. "Dìde, àbúrò mi. Mo ti dárí jì ọ́."

Ìyá wa bú sẹ́kún ayọ̀. Gbogbo ìjọ ń pàtẹ́wọ́.

Mo pariwo látorí ilẹ̀ pé, "Ẹ̀gbọ́n, n ò bẹ̀ yín o. Kẹ̀kẹ́ ló gbé mi ṣubú."

Wọ́n rò pé eré ni. Mo tún un sọ, wọ́n di ikùn mú. Gbogbo ibi tí mo ti ṣeré rí, n ò rí ẹ̀rín tó tó bẹ́ẹ̀ gbà.