Ìdọ̀tí Tí Mo Gbé Wálé Láti Agége

Iṣẹ́ ìmọ́tótó ni mò ń ṣe jẹun. Nílé iṣẹ́ bisikíìtì kan ní Ìlúpéjú, èmi ni mo máa ń dúró lẹ́nu ọ̀nà láàárọ̀ láti yẹ èékánná àwọn òṣìṣẹ́ wò. Bí irun ẹnìkan bá yọ lábẹ́ fìlà, mo ti rí i. Bí ẹnìkan bá ti ilé ìyàgbẹ́ bọ̀ tí kò fọwọ́, kò lè kọjá mi. Wọ́n ní orúkọ tí wọ́n ń pè mí lẹ́yìn, mo mọ̀ ọ́n, ṣùgbọ́n n kò ní kọ ọ́ síbí. Mo kàn fẹ́ kí ẹ mọ irú obìnrin tó fẹ́rẹ̀ẹ́ fi ọṣẹ pa ẹja bàbá rẹ̀ tán.

Bàbá mi jẹ́ tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì, ọmọ Èkìtì, ṣùgbọ́n Agége ni wọ́n ti tọ́ gbogbo wa dàgbà. Ọdún kan lẹ́yìn tí màmá wa kú, onílé ta ilé tí bàbá ń gbé, mo sì bẹ bàbá kí wọ́n máa bọ̀ lọ́dọ̀ èmi àti ọkọ mi ní Ọgbà. Wọ́n rò ó fún ọjọ́ mélòó kan kí wọ́n tó gbà. Nígbà tí wọ́n dé, báàgì ńlá kan àti ẹja méje ni wọ́n kó wá. Àwọn ẹja pupa kéékèèké tí wọ́n ń fi sínú gíláàsì fún ìwòran ni wọ́n. Màmá wa ló rà wọ́n, màmá wa náà ló sì ń bọ́ wọn títí ọlọ́jọ́ fi dé.

Báàgì yẹn ni n kò fẹ́ràn. Mo ti ra wọ́dúróòbù sí yàrá bàbá, mo kọ́ hángà méjìlá sínú rẹ̀, síbẹ̀ báàgì ni wọ́n gbé sí ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀dì. Inú rẹ̀ ni wọ́n ti ń mú aṣọ, inú rẹ̀ náà ni wọ́n ń ká a padà sí. Ẹni tó ń dúró de ọkọ̀ ló ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ó máa ń dùn mí tí mo bá wọlé gbálẹ̀, ṣùgbọ́n kí ni mo fẹ́ sọ?

Mo wá ní kí n fi ẹja fà wọ́n mọ́ra. Mo ra àpótí gíláàsì tuntun tó tóbi tó ìlọ́po méjì ti àtijọ́, mo gbé e sí pálọ̀ níbi tí wọ́n á ti máa wò ó láti orí àga wọn. Èéhù ti bo gbogbo ara gíláàsì àtijọ́. Àwọn òkúta inú rẹ̀ ń yọ̀, fóòmù tó wà nínú ẹ̀rọ tó ń sẹ́ omi sì dúdú bí ìdí ìkòkò. Ṣé irú èyí ni mo fẹ́ gbé wọ ilé mi? Mo da omi náà nù. Mo fi ọṣẹ àti omi gbígbóná fọ àwọn òkúta lọ́kọ̀ọ̀kan. Mo ju fóòmù nù, mo ra tuntun tó funfun báláú. Bàbá dúró tì mí, wọ́n ń wò mí. Wọ́n ní, "Ó mọ́ o," mo sì rò pé wọ́n ń yìn mí ni.

Ní ọjọ́ kẹta, àwọn ẹja náà kọ oúnjẹ. Bí a bá wọ́n ọn sómi, wọ́n á wò ó kọjá lọ títí tí yóò fi rì. Wọ́n pa lẹ́bẹ́ wọn mọ́ra, wọ́n kóra jọ sókè omi, wọ́n ń yanu. Mo yí oúnjẹ padà, mo ra oògùn, mo tún gbogbo rẹ̀ fọ̀, mo tún fi ọṣẹ kún un. Bí mo ṣe ń fọ̀ ọ́ sí i ni wọ́n ń rù sí i. Kí ọ̀sẹ̀ méjì tó pé, méjì ti kú. Bàbá gbẹ́ ilẹ̀ lẹ́yìnkùlé, wọ́n sin wọ́n, wọ́n fọwọ́, wọ́n padà jókòó sórí àga wọn.

Ìgbà yẹn ni wọ́n sọ ọ́ láìgbójú sókè: "Bí àwọn yìí bá tán, n ó máa lọ sí Èkìtì."

Ta ló wà ní Èkìtì? Ilé tí a ti tì pa láti ọdún tí ẹ̀gbọ́n wọn kú, níbi tí kò sí ẹni tí yóò bá wọn gbé omi kaná. Mo mọ bàbá mi, wọn kì í halẹ̀. Ẹ̀rù bà mí gan-an. Mo ti pàdánù màmá, n kò fẹ́ kí ẹja márùn-ún gba bàbá lọ́wọ́ mi.

Lọ́jọ́ Sátidé mo rọ omi inú gíláàsì náà sínú ìgò, mo gbé e lọ sí Agége, sọ́dọ̀ Àlàájì tí màmá wa ra ẹja náà lọ́wọ́ wọn. Bàbá àgbà ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni wọ́n, gíláàsì ni wọ́n ń gé tẹ́lẹ̀ kí wọ́n tó máa ta ẹja nítòsí ojú irin. Wọ́n rántí màmá wa, wọ́n ṣàdúrà fún wọn kí wọ́n tó bi mí léèrè ohunkóhun. Lẹ́yìn náà wọ́n béèrè fóòmù àtijọ́. Mo ní mo ti jù ú nù nítorí ó dọ̀tí. Wọ́n ní ìyẹn kì í ṣe ìdọ̀tí. Àwọn nǹkan abẹ̀mí tí ojú kò lè rí ló ń gbé inú rẹ̀, àwọn ló ń jẹ ẹ̀gbin tí ẹja ń yà sómi, wọn kì í sì í tètè wọ inú gíláàsì tuntun. Ẹja tí kò bá rí wọn, inú ìgbẹ́ ara rẹ̀ ló wà.

Àlàájì tún ti ìka bọ omi inú ìgò, wọ́n fi kan ahọ́n, wọ́n tutọ́ dànù.

"Ọmọ mi, ta ló ń fi álọ́ọ̀mù sómi yín?"

Mo ní kò sẹ́ni tó ń fi álọ́ọ̀mù sómi nílé wa. Òótọ́ ni pé omi kànga wa pọ́n tẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n láti bí ọ̀sẹ̀ mélòó kan ó ti ń mọ́ gaara. Mo tiẹ̀ ti lọ dúpẹ́ lọ́wọ́ lándílọ́ọ̀dù pé wọ́n tún kànga ṣe, wọ́n sì gba ọpẹ́ náà tayọ̀tayọ̀. Àlàájì ní òkúta tí ń mú omi pípọ́n mọ́ yẹn máa ń pa ẹja, kí n padà lọ wo inú àgbá tí a ń pọn omi sí dáadáa. Wọ́n yọ fóòmù kan nínú ẹ̀rọ tiwọn, ó dúdú, ó ń ro tótótó, wọ́n fi í sínú ọ̀rá pẹ̀lú omi, wọ́n ní kí n má jẹ̀ẹ́ kí ó gbẹ. Wọn kò gba nǹkan kan lọ́wọ́ mi. Ọlọ́run á bá mi san án fún wọn.

Bẹ́ẹ̀ ni èmi tí mo ń dá ènìyàn padà nítorí èékánná ṣe gbé ìdọ̀tí lé itan nínú kẹ̀kẹ́, tí mo fọwọ́ méjèèjì dì í mú bí ẹyin, tí ó ń rùn. Obìnrin tó jókòó tì mí fi ìborí bo imú, ó sì yíjú sí ìta títí tí a fi dé Ọgbà.

Ní àárọ̀ ọjọ́ Àìkú, mo tètè jí kí n lè yẹ omi inú àgbá wò. Bàbá ti ṣáájú mi débẹ̀. Wọ́n so òkúta álọ́ọ̀mù mọ́ orí igi, wọ́n ń fi í ro omi àgbá náà jẹ́jẹ́, bí ẹni ń ro ẹ̀kọ. Wọn kò gbọ́ ẹsẹ̀ mi. Mo kí wọn, mo sì bi wọ́n pé ìgbà wo ni wọ́n ti ń ṣe èyí.

Wọ́n ní, "Láti ọ̀sẹ̀ tí mo dé. Mo rí i pé omi yín pọ́n. N kò fẹ́ máa jẹun lásán nínú ilé yín."

Ilé yín. Ọ̀rọ̀ méjì yẹn gún mi ju bí mo ṣe lè kọ ọ́ lọ. Bàbá tó fi owó tíṣà rán ọmọ mẹ́rin níléèwé ló ń yọ́ jí láàárọ̀ kí ó lè san oúnjẹ àná padà. Mo fẹ́ fi ọ̀rọ̀ álọ́ọ̀mù pamọ́ fún wọn, kí n di gbogbo ẹ̀bi ru fóòmù nìkan. Ṣùgbọ́n irọ́ kò mọ́ mi lẹ́nu, mo sọ gbogbo ohun tí Àlàájì wí. Wọ́n dojú korobá dé, wọ́n jókòó lé e.

"Èmi ni mò ń pa ẹja ìyá yín, nígbà náà."

"Àwa méjèèjì ni, bàbá. Èmi fọ ilé wọn, ẹ̀yin fọ omi wọn."

Èjìká wọn bẹ̀rẹ̀ sí í mì, ẹ̀rín ni. N kò tíì gbọ́ ẹ̀rín wọn láti ìgbà tí a ti sin màmá. Wọ́n ní àṣejù, baba àṣetẹ́, wọ́n sì ní ọ̀dọ̀ màmá mi ni mo ti jogún fífi ọṣẹ fọ nǹkan.

A fi fóòmù Àlàájì sínú ẹ̀rọ. Bàbá ya àgbá kékeré kan sọ́tọ̀ fún omi ẹja, wọ́n fi ọwọ́ tíṣà kọ ẸJA sí i lára gàdàgbà, álọ́ọ̀mù kò sì gbọdọ̀ dé ìtòsí rẹ̀. Àgbá ilé kò kúrò lọ́wọ́ wọn o. Èmi ni mo bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n má fi sílẹ̀, nítorí kò sí ẹni tó lè ṣe é bíi tiwọn. Ọwọ́ ń yún mi láti fọ gíláàsì, mo ká a mọ́ra. Ọjọ́ kìn-ín-ní, àwọn ẹja kò jẹun. Ọjọ́ kejì, ìkẹta, bákan náà. Ìkan tún kú.

Ní ọjọ́ karùn-ún, mo ti ibi iṣẹ́ dé, mo bá bàbá tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ mọ́ gíláàsì. Wọ́n fi ọwọ́ pè mí. Wọ́n wọ́n oúnjẹ díẹ̀ sómi. Èyí tí lẹ́bẹ́ rẹ̀ ya, tó dàgbà jù nínú wọn, gòkè wá, ó gbé ọ̀kan mì, ó sì padà wá gbé òmíràn. Mo ní, "Olúwa, mo dúpẹ́."

Lálẹ́ ọjọ́ yẹn, mo wà nínú ilé ìdáná nígbà tí bàbá pè mí láti yàrá wọn. Báàgì ti ṣí sílẹ̀ lórí bẹ́ẹ̀dì, ó ti ṣófo. Aṣọ kún ọwọ́ wọn.

Wọ́n ní, "Hángà inú ibí yìí kò tó o. Bá mi wá sí i."

Kò sí òmíràn nílé àfi tèmi. Mo lọ sí yàrá mi, mo yọ aṣọ mi kúrò lórí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, mo kó gbogbo hángà náà fún wọn. Aṣọ mi wà ní òkìtì lórí àga títí ọ̀sẹ̀ yẹn fi parí, mo sì ń kọjá lára wọn láìbínú.