Kànìnkànìn Tí Wọ́n Ní Ẹranko Ni

Ọdún kejìlélógún rèé tí Kaothar ará Ìsẹ́yìn ti ń ta kànìnkànìn ní Ajégúnlẹ̀, kò sì tíì sí ẹni tó fura tó o. Èyí tí wọ́n bá máa fi wẹ ọmọ tuntun, ọrùn ara rẹ̀ ló kọ́kọ́ máa fi ra, á ka Bìsímílà, á wá dúró kó wò ó bóyá á yún òun. Ìdí nìyẹn tí àwọn abiyamọ fi ń ti Kirikiri wá bá a. Bí ara ọmọ kan bá wú pẹ́nrẹ́n báyìí, orúkọ rere tó ní yẹn ti bà jẹ́ nìyẹn.

Lọ́jọ́ Àlàmísì kan, Bright, baba ọlọ́mọ mẹ́ta tó ń ru ẹrù ní èbúté Àpápá, gbé nǹkan kan tó kún fún ihò wá.

"Màmá, kànìnkànìn òkun rèé. Ó rọ̀, àwọn ọlọ́mọ tuntun á fẹ́ràn ẹ̀."

"Igi wo ló ń so ó nínú òkun?"

"Kì í ṣe igi, mà. Ẹranko ni."

Kaothar jù ú sílẹ̀. Ó mọ ẹranko òkun. Jẹ́lífíìṣì, èyí tó rí bí ògì tó dì, ti ta á lẹ́sẹ̀ rí. Odindi ọ̀sẹ̀ kan ló fi tiro. Ìyẹn náà rọ̀.

Ó pe Phoebe, tíṣà bàólójì tó ń gbé òdìkejì ọ̀nà, ó sì ròyìn jẹ́lífíìṣì náà fún un.

"Wọn ò jọra, mà," Phoebe ní. "Jẹ́lífíìṣì ní awọ méjì, ohun bí ògì yẹn wà láàárín. Ó ní ikùn, ó sì ní ọwọ́ tẹ́ẹ́rẹ́tẹ́ẹ́rẹ́ tó lóró. Ẹnu tó fi ń jẹun náà ló fi ń yàgbẹ́."

"Mo mọ mẹ́ta bẹ́ẹ̀ ládùúgbò yìí," ni Kaothar wí, kò rẹ́rìn-ín. "Eléyìí ńkọ́?"

"Asẹ́ leléyìí, mà. Kò lẹ́nu, kò níkùn. Omi á gba ihò wẹ́wẹ́ ara ẹ̀ wọlé, á sẹ́ oúnjẹ inú omi náà jẹ, omi á gba ihò ńlá òkè jáde. Èyí ti kú pátápátá, egungun ẹ̀ tó rọ̀ ló kù."

Kaothar yí i sọ́tùn-ún, ó yí i sósì, ó ń wá ẹnu. Ẹ̀dá tí kò lẹ́nu, báwo lèèyàn ṣe máa mọ̀gbà tó ń purọ́?

"Bright, bọ́ ẹ̀wù."

"Èmi, Màmá?"

"Ìwọ lo mọ ilé ẹ̀."

Ó fi ọṣẹ dúdú àti ẹranko náà fọ ẹ̀yìn ọkùnrin náà níwájú ṣọ́ọ̀bù, ó wá jókòó tì í títí wọ́n fi pe ìrun Àsárì. Kò wú, kò yún.

"Ṣé ẹ ti gbà báyìí, mà?" Phoebe bi í.

"Àpò sìmẹ́ǹtì ti sọ ẹ̀yìn yẹn di pákó," ni Kaothar dáhùn. "Kò lè jẹ́rìí fún ọmọ ọjọ́ mẹ́jọ."

Ó gba kànìnkànìn náà, ó sì so ó sáàárín èyí tí àwọn bàbá fi ń wẹ̀, kì í ṣe ti ọmọ tuntun.