Sìmẹ́ǹtì Tí A Fi Bo Ilé Alámọ̀

Lẹ́yìn ogun abẹ́lé, a pe àwọn ará ìlú jọ láti tún ilé ẹ̀kọ́ alámọ̀ tí àwọn míṣọ́nnárì kọ́ sí Èrúwà ṣe. Èmi ni akọ̀wé ìgbìmọ̀; ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ kan ni alága. Bí wọ́n bá ti pe orúkọ ẹnì kan, á dìde, á ní òun mú sìmẹ́ǹtì wá, ìpàtẹ́wọ́ á sì sọ. Àwọn ará Láńlátẹ̀, ìlú tó múlé tì wá, náà wá dá tiwọn, wọn kò sì fẹ́ kí a borí wọn. Ta ni ìbá dìde níbẹ̀ kó ní amọ̀ ni òun mú wá?

Ìyá mi ló dìde. Òun àti àwọn obìnrin ìjọ ló ń fi amọ̀ àti ìgbẹ́ màlúù rẹ́ ògiri náà lọ́dọọdún.

"Alága, ẹ má fi sìmẹ́ǹtì bò ó. Omi tó bá wọnú ògiri kò ní rọ́nà jáde."

"Màmá, ṣé ìgbẹ́ màlúù la ó wá kọ síwájú orúkọ yín?"

Gbogbo ilé bú sẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín, mo sì tẹjú mọ́ ìwé mi kí ojú wa má baà pàdé.

A fi sìmẹ́ǹtì bo ògiri náà. Kí òjò ọdún kẹta tó dá, ilé náà ti wó. Alága ní òjò ló pọ̀ jù, mo sì kọ ọ́ sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Orúkọ rẹ̀ ni wọ́n fi sọ gbọ̀ngán tí wọ́n kọ́ síbẹ̀. Ìyá mi kò mẹ́nu ba ilé náà mọ́ títí ó fi kú. Mo mọ̀ pé ó ń retí kí n bẹ òun. N kò bẹ̀ ẹ́.