Ìwé Ọgbọ̀n Ọdún Tí Wọ́n Fi Dì Ṣípà

Don Crescencio Orué kú lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, ẹni ọdún mọ́kànlélọ́gọ́rin. Igbá tereré rẹ̀, ewé tí a máa ń rẹ sómi tútù mu, wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó ṣì ń bá ìyàwó rẹ̀ fà á pé omi náà kò tutù tó. Òǹkọ̀wé ni, òpìtàn ni. Ó tún ṣe aṣòfin fún ọdún mẹ́jọ láìkọ́ ilé kejì. Ẹ ò rí i pé ọkùnrin yìí ya wèrè díẹ̀?

Ọgbọ̀n ọdún ló fi gun kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ kiri, tó ń kọ orúkọ àwọn ọmọ ìlú wa tó kú sógun Chaco, ogun aṣálẹ̀ ayé àwọn bàbá wa, tí ẹnikẹ́ni kò sin. Ọwọ́ ló fi kọ ọ́, kò sì ní ẹ̀dà kejì. Ó gbé e fún ìgbìmọ̀ ìlú kí wọ́n bá a tẹ̀ ẹ́. "Ó di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, Don," ni Fulgencio Cañete, akọ̀wé wọn, ń wí fún ọdún mẹ́fà gbáko. Irú ọ̀sẹ̀ wo nìyẹn?

Lọ́jọ́ kẹsàn-án àdúrà òkú, a máa ń pín ṣípà, búrẹ́dì wa oníwàràkàṣì, fún àlejò. Ìgbìmọ̀ ìlú bá wa kẹ́dùn: wọ́n fi àpótí ìwé àlòkù kan ránṣẹ́ pé ká fi dì í. Inú Ña Deolinda, opó olóògbé, dùn, àfìgbà tó tú ṣípà tirẹ̀.

"Ẹ dúró! Ẹ má jù ú nù! Ọwọ́ ìkọ̀wé ọkọ mi nìyí!"

Kí n má parọ́, ẹ̀rín fẹ́rẹ̀ẹ́ pa mí. Àlùfáà wa ń lé ajá kan tó gbé ojú ìwé méjì sá lọ.

Arúgbó Ña Sixta na ìwé tirẹ̀ sí mi. "Bá mi kà á, ọmọ mi, ojú mi ò ríran mọ́."

Mo kà á: "Anastasio Ferreira, ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún. Òùngbẹ ló pa á."

"Ẹ̀gbọ́n mi nìyẹn," ló wí. "Ìyá wa ń bu oúnjẹ rẹ̀ sílẹ̀ dè é títí ìyá náà fi kú."

Ẹ̀rín bọ́ lẹ́nu mi. Inú bí mi, ó ṣì ń bí mi títí di ìsinsìnyí.

Mo lọ bá Cañete. "Ẹ̀gbọ́n, ìwé ni gbogbo wọn," ló dá mi lóhùn. "Báwo ni mo ṣe fẹ́ mọ̀?" Ṣé kò mọ̀wé kà ni, àbí kò fẹ́ kà á?

Ojú ìwé mọ́kànlélógójì la rí gbà padà nínú ọ̀ọ́dúnrún. Níbo ni ìyókù wà? Cañete, wá wọn jáde. Kó gbogbo wọn wá síwájú ìlú lọ́jọ́ Ajé, kí o sì ka orúkọ kọ̀ọ̀kan sókè. Níbi tí ọ̀rá ṣípà bá ti pa orúkọ rẹ́, lọ kanlẹ̀kùn ilé ẹbí òkú náà, kí o fẹnu ara rẹ sọ fún wọn pé ìwọ lo sọ òkú wọn nù lẹ́ẹ̀kejì.