Ọjọ́ Tí Mo Mọ Ohun Tí Ẹ̀bẹ̀ Jẹ́

Ẹnu mi mú, mi ò ní purọ́. Ẹnu yìí náà ni mo fi jágbe mọ́ ìyá mi lójú àwọn ayálégbé n'Ìjẹ̀gùn, torí pé Màámi fi ẹ̀rọ ìránṣọ bàbá mi tó ti dolóògbé ta aládùúgbò lọ́rẹ láì sọ fún mi. Oṣù méje gbáko ni Màámi ò fi gbé fóònù mi. Mo ń sọ kiri pé kò kàn mí. Irọ́ ni, ó dùn mí wọra.

Àsàlátù là ń ṣe lọ́wọ́ láàárọ̀ Sọ́ńdè kan tí àbúrò mi pè pé Màámi ti wà ní ọsibítù n'Ígàndó, pé iṣẹ́ abẹ ń bọ̀ lọ́jọ́ kejì. Mo sáré bá Alfa wa, bàbá àgbà ará Ògbómọ̀ṣọ́ kan, pé kí wọ́n bá mi ṣàdúrà.

Wọ́n bi mí bóyá èmi àti ìyá mi ń sọ̀rọ̀. Mo ní ó ti tó oṣù méje. Wọ́n wá ṣàlàyé pé ọ̀dọ̀ àwọn Lárúbáwá la ti rí ọ̀rọ̀ àdúrà, pé pípè ló túmọ̀ sí lọ́hùn-ún, èèyàn sì lè wà lórí ìdúró kó máa pe Ọlọ́run. Àmọ́ kó tó dé rárá, àwọn bàbá wa ti ní ẹ̀bẹ̀, wọn kì í sì í ṣe ìyẹn lórí ìdúró.

"Lọ bẹ ìyá ẹ ná. Tó o bá débẹ̀, má rojọ́ o."

Ẹjọ́ náà ni mo lọ rò ṣá. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, mo kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì ní ọsibítù, mo ní kí Màámi má bínú, àmọ́ ṣé ohun tí wọ́n ṣe yẹn dáa? Wọ́n kọjú sí ògiri. Mo tún bẹ̀rẹ̀, àwíjàre ló tún jáde. Ìgbà tí àwọn nọ́ọ̀sì ti ń ti bẹ́ẹ̀dì lọ ni ọ̀rọ̀ tó tán lẹ́nu mi.

"Màámi, mo jẹ̀bi."

Màámi ò fèsì títí ilẹ̀kùn yàrá iṣẹ́ abẹ fi pa dé.

Nílé wa, ẹni tó bá kúnlẹ̀ bẹ àgbà kì í dìde àfi tí àgbà náà bá ní kó dìde. Mo kúnlẹ̀ síbẹ̀ ní kọ̀rídọ̀. Nọ́ọ̀sì kan ní kí n lọ jókòó, mo ní kì í ṣe òun ni mo ṣẹ̀. Mi ò rántí ọ̀rọ̀ kan pàtó tí mo bá Ọlọ́run sọ. Mo ṣáà ń bẹ̀ Ẹ́ ni.

Orúnkún mi ti kú kí bẹ́ẹ̀dì tó jáde padà. Màámi lajú díẹ̀, wọ́n rí mi nílẹ̀.

"Dìde ńbẹ̀ jàre."

Ẹsẹ̀ ò gbé mi. Ibẹ̀ ni mo jókòó sí, mo sunkún.