Abọ́ Tí Wọ́n Yà Sọ́tọ̀ fún Mi

Fèrè tírélà ni ohun tí mo gbọ́ kẹ́yìn. Ilẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń mọ́ ní Sábó, Ṣàgámù. Mo jókòó sórí àpótí nínú ìsọ̀ wa, mò ń ṣa obì tí kòkòrò ti jẹ kúrò lára èyí tó dára, oorun sì ṣì wà lójú mi. Ọkọ̀ tó fẹ́ kó obì lọ sí Òkè Ọya fẹ́ fà sẹ́yìn, awakọ̀ tẹ fèrè lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Àyà mi já, kò sì padà sípò. Ó dà bí ìgbà tí ènìyàn ń sọ̀ kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn, tó rò pé ó ku ìgbésẹ̀ kan, tí kò sì kù. Mo fẹ́ pe ìyá mi. N kò mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn ìyẹn.

Nígbà tí mo lajú, ẹ̀jẹ̀ kún ẹnu mi. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi obìnrin, tí gbogbo wa ń pè ní Màmá Ibido nítorí pé àdúgbò Ibido ni ilé wọn wà, ló ti ṣíbí onírin bọ̀ mí lẹ́nu kí n má baà gé ahọ́n mi jẹ. Ṣíbí náà ti kán eyín iwájú mi kan. Wọn ò wo èmi, ìyá mi ni wọ́n ń wò. Wọ́n ní, "Wárápá ni." Ọmọ ogún ọdún ni mí nígbà náà, gbólóhùn yẹn sì bá mi gbé fún ọdún mẹ́tàlá.

Ó yẹ kí ẹ mọ irú ẹni tí Màmá Ibido jẹ́ sí wa. Àwọn ló ni ìsọ̀ náà. Bàbá mi, àbúrò wọn kan ṣoṣo, kú nígbà tí mo wà ní ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Aago kan wà létí ibùsùn bàbá mi, tí Màmá Ibido rà fún wọn kí wọ́n lè máa tètè jí lọ sí ọjà obì. Ní ìdájí ọjọ́ náà aago dún títí, bàbá mi ò sì na ọwọ́ pa á. Láti ìgbà náà ni Màmá Ibido ti ń sọ ọ́ kiri pé ìyá mi mọ ohun tó pa bàbá mi. Ìyá mi gbọ́, wọ́n ń bó obì lọ, nítorí pé ìsọ̀ yẹn ni wọ́n fi ń bọ́ mi.

Lẹ́yìn ìṣubú àkọ́kọ́, Màmá Ibido mú abọ́ tánganran kan tí etí rẹ̀ ní àwọ̀ ewé, wọ́n ní tèmi nìyẹn, kí ẹlòmíràn má fi jẹun mọ́. Ṣíbí tó kán mi léyín ni wọ́n fi sínú rẹ̀. Àwọn ènìyàn wa gbà pé itọ́ ni wárápá fi ń ranni. Wọ́n lé mi kúrò nídìí obì, torí pé ẹnu ni obì ń lọ, kò sí oníbàárà tí yóò ra obì tí ọwọ́ mi bá kàn. Ilẹ̀ ìsọ̀ ni mo wá ń gbá. Tí wọ́n bá pín oúnjẹ, wọ́n á jù ú sínú abọ́ mi láti òkè, kí ìgbakọ má baà kan etí rẹ̀. Mo ń wò wọ́n. Gbogbo rẹ̀ ni mò ń kó pamọ́ sínú.

Mò ń lo oògùn wárápá. Ó ń mú mi sùn ṣáá, kò sì dá ìṣubú dúró. Mo ṣubú nígbà tí fóònù dún lẹ́gbẹ̀ẹ́ etí mi. Mo ṣubú nígbà tí ẹnìkan gbá ilẹ̀kùn dé. Kí àyà máa já, kí ojú máa ṣú, kí ènìyàn jí kó rí i pé òun ti tọ̀ sára níwájú àwọn tó ń fi ọwọ́ bo imú, n kò lè fi ẹnu dídùn ròyìn rẹ̀ fún yín. Olùkọ́ kan ní Ìkẹ́nnẹ́ fẹ́ fẹ́ mi. Àwọn ẹbí rẹ̀ ti wá mọ̀ wá nílé, wọ́n ti dá ọjọ́. Màmá Ibido wọ ọkọ̀ lọ bá ìyá rẹ̀, wọ́n ní àwọn ò fẹ́ kí wọ́n sọ lọ́la pé a tàn wọ́n jẹ. Olùkọ́ náà fi àtẹ̀jíṣẹ́ kan ṣoṣo já mi sílẹ̀. Láti ọjọ́ yẹn, tí mo bá kúnlẹ̀ láti gbàdúrà, orúkọ Màmá Ibido ni mo fi ń bẹ̀rẹ̀, kì í sì í ṣe fún ire.

Àwo irin kan ló gbà mí là. Mo lọ gba oògùn wárápá ní ilé ìwòsàn ńlá, mo jókòó sórí bẹ́ǹṣì láti àárọ̀, mo ti ń tòògbé. Àwo irin já bọ́ lọ́wọ́ nọ́ọ̀sì kan. Mo ṣubú. Dókítà obìnrin kan tó ń kọjá lọ kò wá ṣíbí. Ó di ọrùn ọwọ́ mi mú, kò gbọ́ kí iṣan ibẹ̀ lù. Nígbà tí mo jí, ó ṣì di ọwọ́ mi mú. Ó bi mí pé, "Kí lẹ máa ń gbọ́ kí ẹ tó ṣubú?" Ọdún mẹ́tàlá, kò sẹ́ni tó bi mí bẹ́ẹ̀ rí. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í kà á fún un: fèrè, fóònù, ilẹ̀kùn. Mo ń kà á lọ ni ẹkún gbà mí.

Wọ́n lẹ àwọn wáyà mọ́ àyà mi, ẹ̀rọ ya ìrìn ọkàn mi sórí bébà gígùn. Báyìí ni dókítà ṣe là á yé mi. Iná kékeré ló ń mú ọkàn lù, iyọ̀ inú ara wa ló sì ń gbé iná náà: sódíọ̀mù, pọtáṣíọ̀mù, kálíṣíọ̀mù. Lára sẹ́ẹ̀lì ọkàn, ìyẹn àwọn ìpín kéékèèké tí a fi mọ ọ́n, ẹnu ọ̀nà tín-tìn-tín wà tí àwọn iyọ̀ yìí ń gbà wọlé, tí wọ́n ń gbà jáde. Wọ́n ń ṣí, wọ́n ń tì, ní gbogbo ìgbà tí ọkàn bá lù. Èyí tí pọtáṣíọ̀mù ń gbà jáde nínú tèmi kì í ṣí tó. Nítorí náà, bí ọkàn mi bá lù tán, ó máa ń pẹ́ kó tó múra fún lílù tó kàn. Bí ariwo òjijì bá ká a mọ́bẹ̀, á máa gbọ̀n dípò kó máa ti ẹ̀jẹ̀ jáde. Ẹ̀jẹ̀ ò ní dé ọpọlọ. Ènìyàn á ṣubú, ọwọ́ àti ẹsẹ̀ á máa jà, ẹni tó ń wò ó á sì pè é ní wárápá.

Ó ní àwọn olùwádìí ti yẹ àwọn ẹnu ọ̀nà yìí wò lọ́kọ̀ọ̀kan. Wọ́n mọ èyí tí eré sísá ń dà láàmú, wọ́n mọ èyí tí kò fẹ́ ariwo òjijì. Wọ́n tún rí i pé àwọn oògùn kan, títí kan oògùn ibà àti ti ikọ́ tí a ń rà ní kẹ́míìsì, lè dí ẹnu ọ̀nà náà pa. Ó kọ orúkọ wọn sínú ìwé kan fún mi. Ó sì sọ ohun tó bí mi nínú jù lọ: wárápá gan-an kì í ranni. Ká tiẹ̀ ní òun ló ń ṣe mí, abọ́ yẹn kò nídìí.

Wọ́n fún mi ní oògùn tí kì í jẹ́ kí ọkàn ta gìrì. Mo gbé ibùsùn kúrò lápá títì, mo pa ohùn fóònù. Wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ èmi àti ìyá mi, wọ́n fi ránṣẹ́ sí ibi tí wọ́n ti ń ṣe àyẹ̀wò àbùdá, ìyẹn ohun tí òbí ń fi lé ọmọ lọ́wọ́ nínú ẹ̀jẹ̀. Ó pẹ́ kí èsì tó dé. Ti ìyá mi mọ́. Ọ̀dọ̀ bàbá mi ni tèmi ti wá. Dókítà kọ lẹ́tà pé kí gbogbo ẹbí bàbá mi wá ṣe àyẹ̀wò kíákíá. Nínú àwọn ọmọ ìyá bàbá mi, Màmá Ibido nìkan ló kù láyé, wọn ò sì bímọ.

Mo fi lẹ́tà náà sínú báàgì fún ọjọ́ mẹ́sàn-án. N kò ní purọ́ fún yín pé mo gbàgbé. Mò ń gbádùn bó ṣe wà níbẹ̀. Mo ní gbólóhùn kan tí mo ti ṣètò, tí mò ń pọ́n bí ọ̀bẹ, pé ẹ̀yin lẹ ra aago tó pa àbúrò yín.

Ní ọjọ́ kẹsàn-án ni ìyá mi mú ìròyìn dé láti ìsọ̀. Màmá Ibido ṣubú ní ṣọ́ọ̀ṣì nígbà tí ẹ̀rọ agbóhùnsókè han lójijì. Àwọn ènìyàn ní ẹ̀jẹ̀ ríru ni. Ikọ́ kan sì tún ń yọ Màmá Ibido lẹ́nu, wọ́n fẹ́ bẹ̀rẹ̀ oògùn tí kẹ́míìsì fún wọn lálẹ́ ọjọ́ náà. Mo ní kí ìyá mi pe orúkọ oògùn náà. Ó wà nínú ìwé dókítà. Mo jókòó. Mo mọ̀ pé bí mo bá jókòó síbẹ̀ títí ilẹ̀ fi ṣú, oògùn náà lè pa wọ́n, kò sì sẹ́ni tí yóò mọ̀. Mo wá fi lẹ́tà náà han ìyá mi, mo sì sọ iye ọjọ́ tó ti wà lọ́wọ́ mi.

Ìyá mi kò bá mi wí. Wọ́n wọ ilé ìdáná, wọ́n ha ewùrà, wọ́n se ìkọ́kọrẹ́, wọ́n bù ú sínú abọ́ elétí àwọ̀ ewé. Wọ́n fi ṣíbí sí i. Wọ́n ní, "Gbé e lọ fún wọn. Ṣùgbọ́n má gbé e lọ lásán, mú lẹ́tà náà dání."

Màmá Ibido wà lórí àga ní pálọ̀, oògùn wọn wà lórí tábìlì. Mo kúnlẹ̀ kí wọn, mo jókòó, mo ṣí abọ́ náà. Mo bu ṣíbí kan, mo jẹ ẹ́, mo lá ṣíbí náà mọ́, mo tì í síwájú wọn. Wọ́n mọ abọ́ náà.

Wọ́n bi mí ní ohùn Rẹ́mọ wọn pé, "Lèsí rán ọ wá?"

Mo ní, "Ìyá mi ló rán mi, Màmá, àwọn ló se é. Lẹ́tà kan wà lọ́wọ́ mi tó lè dá ẹ̀mí yín sí. Ẹ jẹun ná."

Ọwọ́ wọn pẹ́ lórí itan wọn. Lẹ́yìn náà wọ́n mú ṣíbí náà, wọ́n jẹ. Mo wò wọ́n bí wọ́n ṣe ń gbé e mì, inú mi sì dùn, n kò ní fi pamọ́. Mo mú oògùn orí tábìlì sínú báàgì mi, mo ka lẹ́tà náà, mo sì túmọ̀ rẹ̀ fún wọn láti òkè dé ìsàlẹ̀: pé kì í ṣe wárápá, pé ẹ̀jẹ̀ ìyá mi mọ́, pé nínú ilé tiwọn ló ti wá. Mo wá la ẹnu fún gbólóhùn tí mo ti pọ́n.

Wọ́n gbà á lẹ́nu mi. Wọ́n ní, "Aago yẹn. Èmi ni mo rà á."

Ẹkún tí wọ́n sun lọ́jọ́ náà, n kò tíì gbọ́ irú rẹ̀ rí lẹ́nu àgbàlagbà. Mo gba ṣíbí lọ́wọ́ wọn, torí pé ó fẹ́ já bọ́, ariwo rẹ̀ ò sì ní ṣe ẹnikẹ́ni nínú àwa méjèèjì lóore. Mo bu oúnjẹ jẹ, mo bù fún wọn. A jẹ ẹ́ tán.

Ó ti lé ní ọdún méjì tí mo ti ṣubú kẹ́yìn. Ẹni tí irú rẹ̀ bá ń ṣe, tí ó ń ṣubú tí ariwo bá ta á jí, kó béèrè pé kí wọ́n ya ìrìn ọkàn òun wò, kó má gbà kí wọ́n sọ àìsàn òun lórúkọ lójú títì. Nígbà mìíràn mo máa ń gbé ìka lé ọrùn ọwọ́ mi, mo máa ń kà á, mo sì máa ń dúpẹ́ lọ́wọ́ ara mi tó jìyà ẹ̀sùn tí kò mọwọ́ mẹsẹ̀. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ dókítà náà àti nọ́ọ̀sì tí ọwọ́ rẹ̀ yọ̀. Àyẹ̀wò fi hàn pé Màmá Ibido ní in bíi tèmi, oògùn kan náà la ń lò. Wọ́n lọ kúnlẹ̀ fún ìyá mi, ìyá mi kò sì tètè ní kí wọ́n dìde.

Ọjọ́ tí a bá lọ sí ilé ìwòsàn, ọ̀dọ̀ mi ni wọ́n ti ń jẹun. Abọ́ elétí àwọ̀ ewé yẹn ni mo ń bù ú sí, ṣíbí kan, èmi àtàwọn. Abọ́ mìíràn pọ̀ lórí pẹpẹ, Màmá Ibido sì ń rí wọn. Wọn ò ní kí n bu tàwọn sí òmíràn rí.