Orí Ọ̀bọ̀kún Tí Wọ́n Sè Lójú Ọ̀nà Òkè-Ọ̀dàn

Inú ṣì ń bí mi. Ẹ jẹ́ kí n tètè sọ ọ́, kí ẹ má baà rò pé mo fẹ́ pa yín lẹ́rìn-ín.

Ẹ̀gbọ́n màmá mi obìnrin, tí èmi náà ń pè ní màmá, ni mò ń sọ̀rọ̀ wọn. Ọ̀jọ̀gbọ́n ni wọ́n, iṣẹ́ ẹja àti omi òkun ni wọ́n ń ṣe. Kí wọ́n tó hewú ni wọ́n ti ń wọ pọ̀tọ̀pọ́tọ̀ etí ọ̀sà lọ wo bí ẹja ṣe ń gbé. Nílùú òyìnbó, ìwé tí wọ́n kọ ni wọ́n fi ń kọ́ ọmọ yunifásítì. Ní Ìlaròó tiwa ńkọ́? "Ìyá ẹlẹ́ja" ni wọ́n ń pè wọ́n.

Èmi, mo fi Pólì sílẹ̀ torí pé kíláàsì yẹn ń falẹ̀ jù fún mi. Ọ̀kadà ni mò ń gùn. Láti Ìlaròó dé Ayétòrò, kò sẹ́ni tó mọ̀ ọ́n gùn tó mi. Ẹ lọ béèrè.

Ìbéèrè kan ló kù tí màmá fẹ́ dáhùn kí wọ́n tó fẹ̀yìn tì. Ṣé ẹja ọ̀bọ̀kún tó ń dàgbà nínú odò Yewa náà ló ń lọ sí ọ̀sà Àjàṣẹ́ lódìkejì bọ́dà? Wọ́n gé lẹbẹ kékeré tó wà lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ẹja, wọ́n dá wọn padà sómi. Wọ́n wá bẹ àwọn apẹja lọ́hùn-ún pé tí wọ́n bá rí èyí tí kò ní lẹbẹ yẹn, kí wọ́n fi sínú yìnyín. Ọdún ń gorí ọdún, ẹnì kan ò pè. Àfìgbà tí ìjọba ti bọ́dà pa tán ni apẹja kan wá pè: ẹja ti dé!

Wọ́n ṣàlàyé fún mi pé òkúta funfun kékeré wà nínú orí ẹja, tó ní ìlà bíi ti igi tí wọ́n gé. Ìlà yẹn ló máa sọ ìgbà tí ẹja gbé inú odò àti ìgbà tó gbé inú omi iyọ̀. Òkúta yẹn ni wọ́n ń fẹ́.

Mo ní, "Màmá, ẹ jẹ́ ká gba ẹ̀bùrú. Kò sí èyí tí mi ò mọ̀."

"Ṣé fàyàwọ́ ni mò ń ṣe ni? Títì la máa gbà."

A gba títì. Apẹja yẹn fẹsẹ̀ rìn wá pàdé wa ní ẹnu ààlà, ó gbé kúlà tó kún fún ẹja inú yìnyín lé wa lọ́wọ́, ó fi Faransé kí màmá pé kí wọ́n mọ́kàn le: "Bon courage, maman." A ń padà bọ̀, ó ku díẹ̀ ká dé Òkè-Ọ̀dàn, la bá bá àwọn aṣọ́bodè kan tó gbé igi dábùú ọ̀nà. Àpò ìrẹsì tí wọ́n gbà lọ́wọ́ àwọn èèyàn kún ẹ̀gbẹ́ wọn.

"Kí ló wà nínú kúlà?"

"Ẹja ìwádìí ni." Màmá na káàdì yunifásítì sí wọn.

Ọ̀gá wọn ò tiẹ̀ wò ó. "Ẹja inú yìnyín. Wọ́n ti fòfin dè é. Ìyá, pẹ̀lú ọjọ́ orí yín, ẹ̀ ń ṣe fàyàwọ́?"

"Ta lẹ̀ ń bá wí?" ni mo pariwo. "Ṣé ẹ mọ ẹni tí wọ́n jẹ́? Lọ́dọ̀ àwọn òyìnbó..."

"Ọlọ́kadà, panu mọ́ kí n tó gba ọ̀kadà ẹ!"

Wọ́n ní àwọn máa dáná sun ẹja náà, pé bófin ṣe wí nìyẹn. Iná tí wọ́n dá náà rèé, ìkòkò ló wà lórí ẹ̀. Ọ̀kan ń gé ata, èkejì ń da epo.

Mo fẹ́ fò mọ́ wọn, màmá fà mí lẹ́wù. Wọ́n jókòó sórí àpò ìrẹsì kan, wọ́n kàn ń wo ìkòkò. Mo bínú sí màmá náà. Gbogbo làálàá ayé wọn ló ń hó yẹn!

Nígbà tó jinná, èyí tó kéré jù nínú àwọn ọkùnrin yẹn kó gbogbo orí ẹja sínú àwo ọ̀gá. Ọ̀gá ti ju ọ̀kan sẹ́nu.

Màmá dìde. "Nílé tiyín, ta ni wọ́n ń fún lórí ẹja?"

"Àgbà ni, mà," ọmọdé inú wọn yẹn dáhùn.

"Ta ló wá dàgbà jù níbí?"

Ọ̀kan bú sẹ́rìn-ín: "Ọ̀gá, ìyá ti mú yín o!"

Ọ̀gá fọwọ́ ti àwo síwájú. Màmá tún na àtẹ́lẹwọ́ sí i. "Òkúta èyí tó wà lẹ́nu yín ńkọ́?" Ó tu ú sí wọn lọ́wọ́.

Ọ̀jọ̀gbọ́n tí wọ́n ń dìde fún lókè òkun ló jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì yẹn, tí epo dé ìgbọ̀nwọ́ wọn, tí wọ́n ń fọ́ orí ẹja, tí wọ́n ń fi etí gèlè nu òkúta. Àwọn yẹn sì ń jẹ ẹran ẹ̀ lọ, wọ́n ń lá ìka.

Iṣẹ́ yẹn ti jáde. Ẹja kan náà ni, lọ́tùn-ún lósì bọ́dà, wọ́n sì ti ń kà á káàkiri. Ṣùgbọ́n àwọn tó kà á bi màmá pé kí ló dé tí wọ́n fi se orí ẹja kí wọ́n tó yọ òkúta.

"Kí lẹ wá sọ?" ni mo bi wọ́n.

"Mo ní a sè é lójú ọ̀nà ni."

"Ẹ ò sọ ẹni tó jẹ ẹ́?"

Màmá rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn. Èmi ò rẹ́rìn-ín. Títí dòní, tí mo bá gun ọ̀kadà débi tí igi yẹn wà, mo máa ń tutọ́ sílẹ̀.